Kí ẹ tó fi kóòdù ránṣẹ́, níbo lẹ ti rí i?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tèmi. Láísẹ́ǹsì, ìwé àṣẹ tó sọ bí a ṣe lè lo kóòdù ẹlòmíràn, ni ọ̀rọ̀ tòní; kò kan bí wọ́n ṣe ń lo git, irinṣẹ́ tí a fi ń tọ́jú kóòdù. Ẹni tí kò bá tíì mọ ohun tí pull request jẹ́, fídíò mìíràn ni tiẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí iṣẹ́ open source, èyí tí wọ́n ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ni mò ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí ara mi. Pull request mi àkọ́kọ́ tó ní láárí, ìyẹn kóòdù tí mo ní kí wọ́n gbà wọlé, ṣe ni wọ́n dá a padà. Kóòdù náà ṣiṣẹ́ o! Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ náà bi mí: "Níbo lo ti rí fọ́ńkṣọ̀n yìí?" Èmi náà fi ọ̀yàyà dáhùn pé inú iṣẹ́ open source mìíràn ni. Àṣé ẹnu mi ni mo fi kó bá ara mi. GPL ni láísẹ́ǹsì ibi tí mo ti mú un, MIT ni ti ibi tí mo ń gbé e lọ. Ìlà mẹ́rìnlá péré! Wọ́n ní kí n lọ kọ tèmi.

Inú bí mi. Mo ní, "Ṣebí open source ni méjèèjì?"

Ẹ dúró níbẹ̀. Gbólóhùn yẹn gan-an ló ń kó wa sí wàhálà. OPEN SOURCE KÒ SỌ PÉ KÓÒDÙ KÒ LÓLÓHUN. Mo tún un sọ: ó ní olóhun! Bí ẹ bá ti kọ kóòdù tán, kọ́píráìtì rẹ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ olóhun lórí rẹ̀, ti di tiyín nìyẹn, ẹ kò ní láti lọ fi orúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Bí àdéhùn Berne, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí kọ́píráìtì, ṣe wí nìyẹn, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, kóòdù tí ẹ bá rí lórí GitHub, ojúlé tí wọ́n ń kó kóòdù sí, tí kò ní láísẹ́ǹsì kankan, ẹ má pè é ní ọ̀fẹ́. Ẹ lè kà á, ẹ lè fork rẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ ṣe ẹ̀dà tiyín, ṣùgbọ́n olóhun kò tíì ní kí ẹ kó o lọ sínú iṣẹ́ tiyín.

Ẹ̀yin ọmọ abúlé kòkó, ẹ mọ ìṣákọ́lẹ̀. Àjèjì dé, onílẹ̀ fún un ní ilẹ̀, ó ń dáko, ó ń kórè, ọmọ rẹ̀ bá a dé oko náà. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá yí po, ìṣákọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ onílẹ̀, kó má di pé ẹnì kan gbàgbé ẹni tó nilẹ̀. Láísẹ́ǹsì nìyẹn. Wọn ò ta ilẹ̀ fún yín, wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ pẹ̀lú májẹ̀mú. Ìṣákọ́lẹ̀ ti MIT kò ju pé kí ẹ má yọ orúkọ onílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì náà kúrò. Ti GPL wúwo: bí ẹ bá máa pín iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, gbogbo rẹ̀, títí kan tiyín tó ti wọnú rẹ̀, GPL náà ni yóò bá jáde, kóòdù rẹ̀ á sì wà fún ẹni tó gbà á.

Ó yá, ibi tí gbogbo yín ti ń ṣì í rèé. Ẹ máa ń bi mí pé, "Ṣé MIT àti GPL bára mu?" Ìbéèrè yẹn ò pé! Ẹ bi mí pé: LÁTI IBO LỌ SÍ IBO? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ aró yóò tètè gbà mí. Aṣọ funfun wọnú ìkòkò aró, ó jáde, ó di aláró, kò sí ìjà. Ẹ wá bu aró díẹ̀ sí aṣọ funfun, kí ẹ sì ní kó ṣì máa jẹ́ funfun. Ó ṣe é ṣe? Kóòdù MIT lè wọnú iṣẹ́ GPL, kìkì kí ẹ má pa orúkọ ẹni tó kọ ọ́ rẹ́. Kóòdù GPL kò lè wọnú iṣẹ́ MIT kí iṣẹ́ náà ṣì jẹ́ MIT. Ìlà mẹ́rìnlá mi yẹn, ẹ̀kán aró ni.

Ẹ tún wo nọ́ńbà. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà! GPL 2 ti 1991 àti GPL 3 ti 2007, ọmọ ìyá ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìbejì. Apache 2.0, láísẹ́ǹsì mìíràn, ní májẹ̀mú lórí pátẹ́ǹtì, ẹ̀tọ́ ẹni tó hùmọ̀ nǹkan, tí GPL 2 kò fàyè gbà, ṣùgbọ́n GPL 3 gbà á. Torí náà kóòdù Apache kò lè wọnú kẹ́nẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọkàn, Linux bẹ́ẹ̀, nítorí GPL 2 nìkan ni Linux ń lò. Bí iṣẹ́ kan bá kọ ọ́ pé "GPL 2 tàbí èyí tó bá tẹ̀ lé e," ọ̀nà wà. Bí wọ́n bá kọ "2 nìkan," kò sí.

Stack Overflow, ojúlé ìbéèrè àti ìdáhùn lórí kóòdù, tí gbogbo wa ń dà kọ ńkọ́? CC BY-SA ni láísẹ́ǹsì ohun tó wà níbẹ̀: ẹ dárúkọ ẹni tó kọ ọ́, kí ẹ sì pín ohun tí ẹ bá fi ṣe lábẹ́ irú láísẹ́ǹsì kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tí ẹ fi sínú iṣẹ́ yín lánàá náà.

Ó ku Signed-off-by, ìlà ìfọwọ́sí tí ẹ ń fi sábẹ́ kóòdù tí ẹ bá fi ránṣẹ́. Ní 2003, ilé-iṣẹ́ SCO gbé ilé-iṣẹ́ IBM lọ sí kóòtù lórí ẹ̀sùn pé kóòdù SCO wà nínú Linux. Ní 2004, àwọn Linux bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí olúkúlùkù fọwọ́ sí i pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ohun tí òun mú wá wá. Ẹ̀yin sì ń tẹ git commit -s, tó ń fi ìlà yẹn sí i, bí ẹni ń tẹ aago ilẹ̀kùn! Ìbúra ni, ẹ fẹnu kan irin nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ ẹnu iṣẹ́ ọ̀gá yín lẹ ti kọ kóòdù náà, ẹ ka ìwé tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n gbà yín ná, ó lè jẹ́ pé ọ̀gá ló ni ín.

Ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ di ẹni ìgbàgbé o. Bí kò bá sí ìwé mìíràn tí ẹ fọwọ́ sí, kọ́píráìtì ohun tí ẹ mú wá ṣì jẹ́ tiyín. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe VLC, ètò tí a fi ń wo fídíò, fẹ́ kó libVLC, ọkàn ètò náà, kúrò lábẹ́ GPL lọ sí LGPL, àbúrò GPL tí kò le tó o, ní nǹkan bí 2011 sí 2012, wọ́n ní láti máa wá àwọn tó ti kọ kóòdù sí i kiri, kí wọ́n tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ wọn.

Èmi ńkọ́? Mo pa ojú ìwé tí mo ti dà á kọ dé, mo jókòó, mo ronú ìṣòro náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Tèmi ò ju ìlà mẹ́sàn-án lọ, wọ́n sì gbà á wọlé.