Láti inú réjísítà dé orí pọ́tà: bí àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé ṣe lè là á lọ́nà sí yunifásítì

Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Kábà, Ìsánlú, Mọ̀pà, Ìyàrà, Ẹ̀gbẹ̀, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì la fẹ́ sọ lónìí, pàápàá àwọn tó ń múra JAMB.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan tó ti wà ní SS3, tó ní nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì ní yunifásítì máa ṣe Gẹ̀ẹ́sì, Físíìsì, Kẹ́místírì àti Bàyọ́lọ́jì nínú JAMB. Ọmọ yìí ti fi Físíìsì sílẹ̀ láti SS1, torí pé kò sí tíṣà Físíìsì nílé-ìwé nígbà náà. Ìgbà tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní kafé tó ń gba fọ́ọ̀mù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Bẹ́ẹ̀ àkọsílẹ̀ tó yẹ kó kìlọ̀ fún un ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì láti ọdún méjì: sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó ń ṣe, máàkì rẹ̀ ní táàmù dé táàmù. Ohun tí yunifásítì ń béèrè náà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, JAMB fúnra rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀. Àwọn méjèèjì kàn ò pàdé ara wọn ni.

Iṣẹ́ pọ́tà ìtọ́sọ́nà ni láti mú wọn pàdé. Ní Amẹ́ríkà, irú rẹ̀ pọ̀: Naviance wà, Xello wà, SCOIR wà. Ọmọ á ṣí i, á rí kọ́ọ̀sì tó ti ṣe, máàkì rẹ̀, iṣẹ́ tó wù ú, àti ohun tó kù kó ṣe kó tó débẹ̀. Olùdámọ̀ràn ilé-ìwé náà á máa wò ó. Àmọ́ ẹ fi ojú sí ibi kan: ọmọ kọ́ ló ń tẹ máàkì ara rẹ̀ síbẹ̀. Ẹkùn ilé-ìwé ló ń fi í ránṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹkùn yìí, ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ tó ń darí gbogbo ilé-ìwé ìjọba tó wà níbẹ̀, láti jẹ́léósinmi dé SS3, tí àkọsílẹ̀ gbogbo ọmọ sì wà lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo.

Lóru, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń lò ó, kọ̀ǹpútà ẹkùn á tú àkọsílẹ̀ náà sínú fáìlì mélòó kan, á sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí pọ́tà. Fáìlì kan fún àwọn ilé-ìwé, òmíràn fún táàmù, òmíràn fún kọ́ọ̀sì, òmíràn fún kíláàsì, òmíràn fún àwọn èèyàn, èyí tó kù ń sọ ẹni tó wà ní kíláàsì wo. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ 1EdTech ló ṣe ìlànà bó ṣe yẹ kí àwọn fáìlì yìí rí, OneRoster ni wọ́n pè é, kí ẹni tó ta kọ̀ǹpútà àti ẹni tó ta pọ́tà má baà máa sọ èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ibi tó le gan-an rèé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi wébìlì ránṣẹ́ rí láti gáréèjì Kábà sí Lọ́kọ́jà, ẹ mọ̀ pé nọ́ńbà fóònù tẹ́ ẹ kọ sára ẹrù ni gbogbo rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá yí, ẹrù á dé, ẹni tó ni ín ò ní rí i gbà. Fáìlì ọmọ ilé-ìwé náà nìyẹn. Gbogbo máàkì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà kan lára tó ń sọ ọmọ tó ni ín, nọ́ńbà náà ò sì gbọdọ̀ yí láti ọjọ́ tí ọmọ wọlé títí di ọjọ́ tó jáde.

Ṣé orúkọ ò tó ni? Kò tó rárá. Ẹ wo àpẹẹrẹ ọmọ kan yìí. Nínú réjísítà, wọ́n kọ Funmi Grace. Nínú ìwé èsì, Grace Funmilayo. Lára NIN, Oluwafunmilayo, Grace ò sí níbẹ̀ rárá, oṣù ìbí àti ọjọ́ ìbí sì ti gba ipò ara wọn. Lójú màmá rẹ̀, ọmọ kan ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọmọ mẹ́ta ni, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí máàkì rẹ̀ pé.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ọ̀dọ̀ wa, ká má rò pé ti Amẹ́ríkà nìkan ni. Láti ọdún 2021 ni JAMB ti ń béèrè NIN, inú NIN ni wọ́n sì ti ń fa orúkọ ọmọ jáde. Tí ti NIN bá yàtọ̀ sí ti WAEC, àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, owó ń lọ, àkókò ń lọ. Láti 2017 ni ìgbaniwọlé sì ti ń gba orí CAPS kọjá, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tí JAMB fi ń darí ìgbaniwọlé. Ọmọ tó lo àbájáde tí kò tíì jáde láti gba fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ padà lọ gbé èsì WAEC rẹ̀ sórí pọ́tà JAMB ní CBT sẹ́ńtà. Tí kò bá ṣe é, ì báà gba A nínú gbogbo rẹ̀, lójú CAPS kò ní WAEC.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, orúkọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì. Tíṣà kan kọ Agric, òmíràn kọ AGR, ẹ̀kẹta kọ ọ́ ní kíkún. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó, kó pinnu pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí ń súni, àwọn tó ń ta pọ́tà kì í sì í dárúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wá fi ọjà wọn hàn yín.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Puriǹsípà tó ní kọ̀ǹpútà kan àti Excel lè bẹ̀rẹ̀ kí pọ́tà kankan tó dé. Ìlà kan fún ọmọ kan. Nọ́ńbà ìgbàwọlé tó ti wà nínú réjísítà ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ má fún ẹlòmíì ní nọ́ńbà ẹni tó ti jáde láé. Bí ilé-ìwé méjì bá fẹ́ da àkọsílẹ̀ pọ̀, ẹ fi àmì ilé-ìwé ṣáájú nọ́ńbà, torí pé Mọ̀pà lè ní 147, kí Ìyàrà náà ní 147. Ẹ má fi NIN ṣe nọ́ńbà ilé-ìwé o. Nọ́ńbà ilé-ìwé á hàn lára ìwé èsì àti lára pátákó, NIN kì í ṣe ohun tí à ń lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ti kí fáìlì máa lọ lálaalẹ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣe tíṣà ní àwọn abúlé Bùnú mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe rí. Máàkì wa kì í yí padà lálaalẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ní táàmù ti tó, lẹ́yìn tí èsì bá jáde.

Ó ku ohun tí kò yẹ kó lọ. Pọ́tà tó ń yan kọ́ọ̀sì ò nílò àìsàn ọmọ, kò nílò gbèsè owó ilé-ìwé, kò nílò iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Amẹ́ríkà ti ní FERPA, òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, láti 1974. Àwa náà ní òfin ààbò àkọsílẹ̀ ti 2023, ó sì ní kí á gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ní ìparí 2024, ẹnì kan fi pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n jí wọ pọ́tà tí àwọn oníbàárà PowerSchool, ilé-iṣẹ́ tó ń ta ètò kọ̀ǹpútà tí ilé-ìwé fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀, fi ń béèrè ìrànlọ́wọ́, ó sì kó àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti tíṣà lọ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ló ra Naviance ní 2021. Ohun tí a ò bá fi ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè jí i níbẹ̀.

Kíláàsì kan ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, SS1 ló dára jù, torí àyè ṣì wà láti yí sọ́bújẹ́ẹ̀tì padà. Ẹ tẹ ìlà ọmọ kọ̀ọ̀kan jáde, kó gbé e lọ sílé, kí òun àti òbí rẹ̀ fi wé NIN àti ìwé ìbí, kí wọ́n fi bírò pupa sàmì síbi tó bá yàtọ̀. Pásíwọ́ọ̀dù fáìlì náà, kó wà lọ́wọ́ puriǹsípà àti igbákejì rẹ̀. Bí lẹ́tà tíráńsífà bá dé fún ọ̀kan nínú wọn, ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù náà padà kó tó di ẹrù rẹ̀.