Ìrì Dídì ní Chablis: Ooru Oṣù Kẹta Ló Ń Pa Àjàrà

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹ̀yin àgbà tó bá wa péjọ.

Chablis ni mo fẹ́ mú yín lọ, agbègbè kékeré kan ní àríwá Burgundy nílẹ̀ Faransé. Odò Serein ń ṣàn gba àárín àwọn òkè rẹ̀, àjàrà Chardonnay sì bo àwọn òkè náà. Ẹni tó bá gbọ́ pé òtútù ń ba àjàrà jẹ́ níbẹ̀ á rò pé àárín ìgbà òtútù ni. Rárá o. Lóṣù kìíní, igi ń sùn; dígírì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sísàlẹ̀ òdo kò tó pa á. Ìgbà tó bá jí ló di ẹlẹgẹ́. Ìrudi tó ti wú lè kú ní nǹkan bíi dígírì mẹ́ta sísàlẹ̀ òdo, èéhù tó ti yọ ewé kì í sábà kọjá méjì.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ka òtútù oṣù kẹrin sí olórí ọ̀tá. Ooru oṣù kẹta tó tètè jí igi ni mo fẹ̀sùn kàn. Ẹ wo ọdún 2021. Ní ìparí oṣù kẹta, ooru kọjá dígírì 25 láwọn ibì kan ní Faransé, àjàrà sì rúwé ṣáájú àkókò. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí òtútù fi padà dé, ó sì jó ewé tuntun náà dúdú. Mínísítà ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ìgbà náà, Julien Denormandie, ní bóyá ìyẹn ni àjálù iṣẹ́ àgbẹ̀ tó tóbi jù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Àwọn onímọ̀ World Weather Attribution, ẹgbẹ́ tó ń wádìí ipa ìyípadà ojú ọjọ́ lórí irú àjálù báyìí, ṣírò pé ìyípadà ojú ọjọ́ ti fi nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 kún bí irú òfò bẹ́ẹ̀ ṣe lè ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó mọ òru ọyẹ́ ti mọ ìdajì bí òtútù yìí ṣe ń wọlé. Ojú ọ̀run mọ́, kò sí kùrukùru, atẹ́gùn dákẹ́. Ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án á bá òfuurufú lọ. Afẹ́fẹ́ tó kan ilẹ̀ á tutù, á wúwo, á ṣàn lọ sísàlẹ̀ òkè, á sì gbá jọ sínú kòtò. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bíi mítà mẹ́wàá sókè, afẹ́fẹ́ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òun ni fáànù gíga inú oko ń fà wá sílẹ̀. Àwọn olówó ń fi hẹlikọ́pútà ṣe é. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé atẹ́gùn ló gbé òtútù wá láti òkèèrè, tí òkè àti ilẹ̀ tutù bákan náà, epo lásán ni fáànù ń jó.

Àbẹ́là inú garawa, tí wọ́n ń tàn sáàárín oko kí ó lè móoru, ni gbogbo ayé mọ̀, torí fọ́tò rẹ̀ dùn ún wò. Hẹ́kítà kan lè gba 300 sí 500, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa tàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lóru. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún owó yúrò ló ń bá a lọ lóru ọjọ́ kan.

Omi ló wù mí jù. Wọ́n ń wọ́n omi sórí igi kí ó lè dì! Gíráàmù omi kan tó bá dì ń tú kálórì 80 sílẹ̀. Ooru yẹn ni kì í jẹ́ kí èéhù tó wà nínú yìnyín tutù ju nǹkan bí òdo lọ. Àfi kí omi má dáwọ́ dúró o, nǹkan bíi lítà 30,000 sí 40,000 lórí hẹ́kítà kan ní wákàtí kan. Bí ẹ̀rọ bá kú ní ìdájí, omi orí yìnyín á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ lọ, omi tó ń fẹ́ lọ sì ń gba ooru tó ju ìlọ́po méje èyí tí dídì ń mú wá. Igi náà lè wá tutù ju èyí tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣí omi kí òtútù tó dé òdo, tí wọn kì í sì í pa á títí oòrùn á fi yọ́ yìnyín. Ní Beine, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chablis, odindi adágún ni wọ́n gbẹ́ nítorí iṣẹ́ yìí.

Ẹnì kan béèrè ìdí tí wọn ò fi gbin irú àjàrà tó ń pẹ́ jí. Òfin ni: wáìnì tí wọ́n fi Chardonnay nìkan ṣe ló lè jẹ́ orúkọ Chablis. Ohun tó kù ni kí wọ́n pẹ́ gé ẹ̀ka. Ìrudi tó wà ní ṣóńṣó ẹ̀ka ló ń kọ́kọ́ jí, ó sì ń dá ti ìdí dúró. Bí wọ́n bá fi ẹ̀ka sílẹ̀ ní gígùn títí di òpin oṣù kẹta, ohun tí wọn ì bá gé dànù náà ni òtútù máa kọ́kọ́ bá. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀ epo. Síbẹ̀, láti àárín ìgbà òtútù ni ọ̀pọ̀ ti ń gé e, torí ẹni tó ní hẹ́kítà ogún kò lè rí òṣìṣẹ́ tí yóò gé gbogbo rẹ̀ tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.