Lẹ́tà tí Ẹnì Kan Kò Lè Dá Kà: Àṣà Àwọn Ọmọ Arméníà Lẹ́yìn Odi àti Ìjíròrò Pẹ̀lú Ará Túrkì

Ẹ jẹ́ ká gbé lẹ́tà kan sórí tábìlì. Irú rẹ̀ pọ̀ nínú àpótí àwọn ìdílé Arméníà ní Beirut, ní Marseille àti ní Los Angeles. Bébà rẹ̀ ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, ojú ibi tí wọ́n ti ká a sì ti fẹ́ já. Ábídí Arméníà ni wọ́n fi kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ-ọmọ ẹni tó kọ ọ́, tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Arméníà, á pe gbogbo àmì inú rẹ̀ láìṣì kan, síbẹ̀ kò ní mọ ohun tó ń pè. Èdè Túrkì ló wà níbẹ̀. Ẹ gbé e fún ọmọ Istanbul tí wọ́n bí sínú èdè Túrkì, kò ní dá àmì kan ṣoṣo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni àkọ́kọ́ bá ń pè é sókè, ẹni kejì á máa gbọ́ ọ yéké.

Ẹni tó bá ti rí ìwé àjàmí rí, tí àwọn àlùfáà wa fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá, kò ní béèrè bí èyí ṣe ṣẹlẹ̀. Ní ayé ìjọba Ottoman, ìyẹn ìjọba tó ṣáájú Túrkì òní, ọ̀pọ̀ ọmọ Arméníà ló ń sọ Túrkì nílé. Ábídí ìjọ wọn, tí Mesrop Mashtots ṣe ní nǹkan bí ọdún 405, ni ó mọ́ wọn lọ́wọ́, òun ni wọ́n sì fi ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ. Kódà ìtàn àròsọ gígùn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí àkọ́kọ́ lédè Túrkì, ábídí Arméníà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ní 1851. Vartan Paşa, ọmọ Arméníà, ló kọ ọ́. Ní 1928, ìjọba Túrkì ju ábídí Lárúbáwá nù, wọ́n gba ti Látìn. Nítorí náà, ará Túrkì òní pàápàá kò lè ka lẹ́tà bàbá àgbà tirẹ̀.

Ibi tí a ń lọ ni pé ìtọ́jú àṣà àwọn ọmọ Arméníà tó fọ́n ká àti ìjíròrò wọn pẹ̀lú ará Túrkì, iṣẹ́ kan náà ni. Àwọn kan ní kí á kọ́kọ́ tọ́jú ti ilé, kí ọ̀rọ̀ Túrkì dúró dìgbà tí ìjọba ibẹ̀ bá jẹ́wọ́ ìpakúpa tí ìjọba Ottoman pa àwọn ọmọ Arméníà ní 1915. Àwọn mìíràn ní kí á kọ́kọ́ di ọ̀rẹ́, kí á má fọwọ́ kan egbò. Nígbà tí gbogbo wọn ń dúró de ara wọn, ìdin ń jẹ lẹ́tà.

Kí á tó kà á, kí á kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀. Ẹ fi skáànà pẹlẹbẹ yà á ní 600 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe mọ́ tó), ojú méjèèjì, kódà bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣófo. Òǹtẹ̀ tó ti ṣá lè hàn lórí kọ̀ǹpútà níbi tí ojú lásán kò ti rí i. TIFF, irú fáìlì tí kì í ba àwòrán jẹ́, ni kí ẹ fi pa á mọ́; JPEG, èyí tó fúyẹ́, ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí. Pẹ́ńsù rírọ̀ ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn fọ́tò, ẹ má lo bírò, torí yíǹkì á là já sí ojú. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya: lẹ́yìn ọdún díẹ̀, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á pọ́n, á wọnú bébà, kò sì ní ṣeé ṣí mọ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà ní ìlú mìíràn pátápátá. Ẹni tó bá rò pé àṣejù ni, kó rántí ìbúgbàù èbúté Beirut ní 4 Oṣù Kẹjọ 2020, tó fọ́ ilé káàkiri Bourj Hammoud, àdúgbò Arméníà tó gbajúmọ̀ jù ní ẹ̀gbẹ́ ìlú yẹn.

Ó wá ku kíkà. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, torí pé èdè Arméníà pín sí méjì. Ti Ìlà-oòrùn ni ti Yerevan, olú ìlú Arméníà. Ti Ìwọ̀-oòrùn ni àwọn tí ilé wọn wà ní Túrkì òní gbé sá lọ sí Lẹ́bánónì, Síríà, Faransé àti Amẹ́ríkà. Òun ni UNESCO, àjọ ẹ̀kọ́ àti àṣà ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé, kà mọ́ àwọn èdè tó wà nínú ewu ní 2010. Àmì kan náà ni àwọn méjèèjì ń kọ, ohùn ló yàtọ̀. Àmì պ jẹ́ p ní Yerevan (p tàwọn Òyìnbó, kì í ṣe p tiwa), ó jẹ́ b ní Beirut. Տ jẹ́ t lọ́hùn-ún, ó jẹ́ d níhìn-ín. Կ jẹ́ k, ó tún jẹ́ g. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí: պապա. Akẹ́kọ̀ọ́ láti Yerevan á pè é ní "papa", ṣùgbọ́n "baba" ni ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn, ìyẹn bàbá lédè Túrkì, bó ṣe jẹ́ lédè tiwa gan-an. (Èdè méjèèjì kò bára tan o, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni.) Àwọn fáwẹ́lì Túrkì náà ní ọgbọ́n tiwọn: ü di իւ, ö di էօ, ı di ը. Bẹ́ẹ̀ ni "güzel", tó túmọ̀ sí ẹlẹ́wà, ṣe di կիւզէլ.

Ènìyàn méjì ni kí ó jókòó tì í. Ọmọ Arméníà á máa pè é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ará Túrkì á máa fi Látìn kọ ohun tó gbọ́, ẹ̀rọ á sì máa gba ohùn wọn sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣàtúnṣe títí ojú ewé kan á fi tán. Bí wọ́n bá ń dúró jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìtumọ̀ gbólóhùn á já lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́ Túrkì kò ní mọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ Lárúbáwá àti Páṣíà inú rẹ̀, torí pé láti àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ti ń ṣa irú wọn kúrò nínú èdè náà. Ìwé atúmọ̀ èdè Ottoman ni kí ó wò. Bí kò bá rí i níbẹ̀, kí ó fi àmì ìbéèrè síbẹ̀. Àṣìṣe tó burú jù ni kí ó fi ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ dí àlàfo.

Ọjọ́ orí lẹ́tà náà tún lè tan ènìyàn jẹ. Bí ẹ bá rí 1331, kàlẹ́ńdà Rumi ti Ottoman lè ni: ẹ fi 584 kún un, ó di 1915 (bó bá bọ́ sí oṣù àkọ́kọ́ tàbí ìkejì ọdún tiwa, 1916 ni). Bí ẹ bá rí 11 Oṣù Kẹrin 1915, ẹ má ṣe rò pé ọjọ́ mìíràn ni. 24 Oṣù Kẹrin náà ni, kàlẹ́ńdà àtijọ́ fi ọjọ́ 13 rẹ̀yìn. Ọjọ́ yẹn ni ìjọba Ottoman bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn òǹkọ̀wé àti aṣáájú Arméníà ní Istanbul, kí wọ́n tó lé ẹ̀yà náà kúrò nílé lọ sí aṣálẹ̀ Síríà. Àwọn tó kú kò dín ní ọ̀kẹ́ àìmọye. Ọ̀pọ̀ onítàn ṣírò wọn ju 1,000,000 lọ.

Orúkọ ló wá le jù. Aintab ti di Gaziantep, Marash ti di Kahramanmaraş, Sebastia ni Sivas, ẹgbẹẹgbẹ̀rún abúlé ni ìjọba sì ti yí lórúkọ padà. Ẹni tí ẹ̀ ń pè ní Hagop ní Beirut, Hakob ni ní Yerevan, Agop ni ní Istanbul. Òfin orúkọ ìdílé ti 1934 tún gé "-yan" kúrò lára orúkọ ọ̀pọ̀ àwọn tó kù ní Túrkì. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ bí arúgbó ṣe pè é gan-an, ẹ wá to àwọn yòókù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi ibi tó wà lórí máàpù tì í. Àjọ Houshamadyan ní Berlin, tó ti ń kó ìtàn ìlú àti abúlé wọ̀nyí jọ láti 2010, ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde lédè Túrkì pẹ̀lú. Ìpinnu tó gba ọgbọ́n nìyẹn: ẹni tó ń gbé abúlé náà lónìí lè fi orúkọ tirẹ̀ wá a, kó sì rí ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Tó bá jẹ́ arúgbó ni ẹ fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ pa fáànù, ẹ má fi ọ̀rọ̀ 1915 bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ bi nípa ìpakúpa, èyí tó máa ń gbọ́ níbi ayẹyẹ ìrántí ló máa sọ fún yín. Ẹ bi í nípa búrẹ́dì, nípa ẹni tó ń gbé ilé kejì, nípa orin tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́. Á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibi yòókù.

(Ẹ fi ìjà oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn ìjọba. UNESCO kọ keşkek (oúnjẹ àlìkámà àti ẹran) sílẹ̀ fún Túrkì ní 2011, ó kọ lavash (búrẹ́dì pẹlẹbẹ) sílẹ̀ fún Arméníà ní 2014, ní 2016 ni Túrkì pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mẹ́rin mìíràn tún kọ lavash tiwọn sílẹ̀. Ìkòkò kò mọ ààlà.)

Ìjíròrò gan-an ńkọ́? Hrant Dink, akọ̀ròyìn tó jẹ́ ọmọ Arméníà ní Túrkì, ni a ó fi kọ́gbọ́n. Ó dá ìwé ìròyìn Agos sílẹ̀ ní Istanbul ní 1996, Túrkì àti Arméníà nínú ìwé kan náà. Ó ń sọ fún ará Túrkì pé kí wọ́n wo 1915 lójú. Ó tún kọ ọ́ fún àwọn ọmọ Arméníà lẹ́yìn odi pé ìkórìíra Túrkì ti di májèlé nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, kí wọ́n yọ ọ́ nù. Gbólóhùn yìí, tó ń bá àwọn ènìyàn tirẹ̀ wí, ni wọ́n já gbà lọ́nà òdì: wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ Túrkì ló pè ní májèlé. Kóòtù dá a lẹ́bi ní 2005 lábẹ́ òfin 301, èyí tó ka títàbùkù jíjẹ́ Túrkì sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní 19 Oṣù Kìíní 2007 wọ́n yìnbọn pa á lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ rẹ̀. Nǹkan bí 100,000 ènìyàn tẹ̀ lé òkú rẹ̀, púpọ̀ wọn jẹ́ Túrkì, wọ́n gbé páálí tó ní "Gbogbo wa ni Hrant Dink, gbogbo wa ni ọmọ Arméníà" dání.

Ẹ rí i pé ewu kò dọ́gba. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ní Boston á sùn nílé. Ẹni tó sọ ọ́ ní Istanbul lè dé kóòtù. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé Túrkì ni kí ó pinnu bóyá kí a kọ orúkọ rẹ̀, kí a ya fọ́tò, kí a gba ohùn sílẹ̀, kó sì lè yí ọkàn padà lẹ́yìn ìpàdé.

Kí ìpàdé náà kéré, ènìyàn 12 ti tó, kí ògbufọ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan láti ìhà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tó máa ń da ìpàdé rú ni orúkọ tí a ó pe ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ Arméníà á sọ "tseghasbanutyun", ìyẹn ìpẹ̀yàrun. Ògbufọ̀ tí àyà rẹ̀ ń já á túmọ̀ rẹ̀ sí "olaylar", "àwọn ìṣẹ̀lẹ̀", bí ìjọba Túrkì ṣe máa ń pè é. Àlàáfíà á dà bí ẹni pé ó wà, títí ẹnì kan tó gbọ́ èdè méjèèjì á fi dìde tìbínú-tìbínú. "Soykırım" ni ìtumọ̀ rẹ̀, òun ni kí ògbufọ̀ sọ. Kí oníkálukú lo ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bá a tún un ṣe. Ní 2008, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé Túrkì kan kọ ìwé àforíjì, "Àjálù Ńlá" ni wọ́n lò dípò soykırım. Ọ̀pọ̀ ọmọ Arméníà ní kò tó. Síbẹ̀ nǹkan bí 30,000 ènìyàn fọwọ́ sí i. Lójú tiwa, kò tó lóòótọ́, kì í sì í ṣe nǹkan kékeré.

Àwọn tó ń bẹ̀rù pé ìjíròrò á di ọ̀nà ẹ̀bùrú láti sin òtítọ́ kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Àdéhùn tí Túrkì àti Arméníà fọwọ́ sí ní Zurich ní 10 Oṣù Kẹwàá 2009 ní kí ìgbìmọ̀ kan tún ìtàn yẹ̀ wò, bí ẹni pé ohun tó ṣẹlẹ̀ kò tíì dájú. Inú bí àwọn tó wà lẹ́yìn odi, ilé aṣòfin kankan kò sì fọwọ́ sí àdéhùn náà. Bí a bá gbé lẹ́tà sáàárín, kò sẹ́ni tí a ní kó kọ́kọ́ yẹ òtítọ́ wò bóyá òtítọ́ ni. Lẹ́tà wà níbẹ̀, ọjọ́ wà lórí rẹ̀.

Ó tún ní àwọn tí kò sí ní ìhà kankan. Ní 2004, agbẹjọ́rò Fethiye Çetin kọ ìtàn ìyá ìyá rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ Arméníà, tí wọ́n tọ́ dàgbà bí Mùsùlùmí. Nígbà tí ìjọba Túrkì ṣí ìwé ìdílé sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Oṣù Kejì 2018, àwọn tó fẹ́ wo ìran wọn pọ̀ débi pé ètò náà dákú. Bí irú wọn bá wá sí ìpàdé, ẹ má ní kí wọ́n yan ìhà.

Bí ó bá wá di pé ìdílé fẹ́ lọ wo abúlé wọn, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní muhtar, ni kí wọ́n kọ́kọ́ yà. Àwọn tó ń hú ilẹ̀ wá góòlù ti wú ṣọ́ọ̀ṣì àti ibojì púpọ̀, torí ìtàn pé àwọn ọmọ Arméníà rì owó mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Àlejò tó ń fi máàpù àtijọ́ wo ìdí ògiri, góòlù ni wọ́n máa rò pé ó wá, tàbí ilé tí wọ́n ń gbé. Ẹ fi máàpù sínú báàgì. Fọ́tò ni kí ẹ mú jáde, ẹ̀dà rẹ̀, èyí tí ẹ lè fi sílẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ abúlé sẹ́yìn rẹ̀, ti àtijọ́ àti ti òní, ẹ wá bi muhtar pé ibo ni orísun omi tó wà nínú àwòrán yìí wà.