Apá Wọ́rọ́kọ́, Bọ́ọ̀lù Tààrà

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ṣé dáadáa la jí? Ọpẹ́ ni fún Ẹni tí kò tòògbé nígbà tí àwa sùn. Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí 3, kí ẹ kà á láti ẹsẹ 12 dé 30. Tí ẹ bá dé ẹsẹ 15, ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti sin ọba Móábù fún ọdún 18. Wọ́n ké pe Olúwa, Olúwa sì gbé Éhúdù dìde fún wọn. Lẹ́yìn orúkọ bàbá rẹ̀ àti ẹ̀yà rẹ̀, ohun tí Bíbélì sọ nípa ọkùnrin yìí ni pé ọlọ́wọ́ òsì ni. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: nílẹ̀ wa níbí, ta ní í fi ọlọ́wọ́ òsì ṣe aṣíwájú? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Èmi fúnra mi jẹ àbàrá ìyá mi àgbà rí nítorí pé mo fi ọwọ́ òsì gba owó lọ́wọ́ àlejò. Síbẹ̀, ọwọ́ tí à ń kọ̀ yẹn ni Éhúdù fi fa idà yọ lára itan ọ̀tún, níbi tí ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún kì í fi idà sí. Ilẹ̀ náà sì sinmi fún ọgọ́rin ọdún.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí ló mú mi rántí Calvin Peete. Bóyá ọ̀pọ̀ nínú yín kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Gọ́ọ̀fù ló ń gbá jẹun ní Amẹ́ríkà. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń béèrè lọ́kàn rẹ̀ pé kí ló kan gọ́ọ̀fù nínú àdúrà òwúrọ̀, eré àwọn ọ̀gá tó ń gbé igi kiri nínú koríko. Ẹ ní sùúrù fún mi.

Ìlú Detroit ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1943. Àwọn ọmọ bàbá rẹ̀ jẹ́ 19, láti inú ìgbéyàwó méjì. Ní kékeré, ó já bọ́ láti orí igi, ìgbọ̀nwọ́ òsì rẹ̀ sì kán. Egungun náà jiná, ṣùgbọ́n kò tò bó ṣe yẹ. Láti ọjọ́ náà títí tó fi kú, apá òsì rẹ̀ kò ṣeé nà tán mọ́. Wọ́n kó lọ sí Pahokee ní ìpínlẹ̀ Florida, ìlú àgbẹ̀ kan létí adágún Okeechobee. Níbẹ̀ ló ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ó ń já ẹ̀wà àti àgbàdo nínú oko olóko. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó ra ọkọ̀ kan, ó di alájàpá: ó ń gbé aṣọ àti ohun ọ̀ṣọ́ tẹ̀ lé àwọn lébìrà tó ń ti oko dé oko, láti Florida lọ sókè títí dé ìpínlẹ̀ New York. Ó tiẹ̀ fi dáyámọ́ǹdì sí eyín iwájú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọjà tà yóò mọ ìdí rẹ̀.

Ní ọdún 1966, ó ti pé ẹni ọdún 23, kò sì tíì di igi gọ́ọ̀fù mú rí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York, ti ń pè é síbi gọ́ọ̀fù tipẹ́, ó ń kọ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní àwọn ń lọ síbi àsè, ó bọ́ sínú ọkọ̀ wọn. Pápá gọ́ọ̀fù ni wọ́n gbé e lọ! Kò rí ọkọ̀ tí yóò gbé e padà, ló bá gba igi lọ́wọ́ wọn. Àwa a máa rò pé ìpè Ọlọ́run gbọ́dọ̀ dún bí kàkàkí. Nígbà mìíràn, àwọn ọ̀rẹ́ tó tan èèyàn jẹ ni Ó máa ń rán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyí. Bí ẹ bá bi olùkọ́ gọ́ọ̀fù léèrè, yóò sọ fún yín pé fún ẹni tó ń gbá láti ọwọ́ ọ̀tún, apá òsì gbọ́dọ̀ nà gbọọrọ nígbà tó bá gbé igi sókè. Ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ nìyẹn. Apá tó bá ká yóò mú kí bọ́ọ̀lù ṣáko lọ sínú igbó. Igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú, wọn ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀ ká ní wọ́n gbọ́ Yorùbá. Calvin Peete kò ní apá tí ẹ̀kọ́ náà ń béèrè. Kò sì lè ní in láéláé.

Kí ló ṣe? Ó ka ìwé, ó ń dá gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá ìṣeré, ó ń wá ọ̀nà tí apá tó ní yóò gbà ṣe iṣẹ́ náà, kò sì jókòó ti apá tí kò ní. Nígbà tó rí i, ó rọ̀ mọ́ ọn. Igi a lọ sókè bákan náà, a sọ̀ kalẹ̀ bákan náà, lónìí, lọ́la, lọ́túnla.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò wo eré yìí rí. Láti ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí ihò wà, wọ́n gé koríko ojú ọ̀nà mọ́lẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà, koríko gíga, igi, yanrìn àti omi ló ń dúró de bọ́ọ̀lù tó bá ṣìnà. Wọ́n máa ń ka iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan balẹ̀ sójú ọ̀nà lọ́dọọdún. Láti ọdún 1981 títí dé 1990, ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ léra, ta ni ó wà ní ipò kìíní láàrin gbogbo àwọn tó ń gbá a lórí PGA Tour, ìdíje àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù jẹun ní Amẹ́ríkà? Ọkùnrin tí apá rẹ̀ kò nà ni. Àwọn tí apá wọn nà gbọọrọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ gbàdúrà yìí pẹ̀lú mi kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ: Bàbá mi, ohun tó ká nínú ayé mi tí mo ti ń fi pamọ́ sínú ẹ̀wù, mo gbé e jáde síwájú Rẹ lówùúrọ̀ yìí. Kọ́ mi bí mo ṣe lè fi ṣiṣẹ́. Ẹ̀mí tó ń wí fún mi pé kí n dúró títí ara mi yóò fi dà bí ti lágbájá, Olúwa, lé e jáde ní ọkàn mi. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Èmi kò sọ pé kí a máa dúpẹ́ pé egungun kán. Mo ti gbọ́ oníwàásù tó dúró ti ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ìwòsàn tó ń sọ pé àìsàn yẹn dára fún un, inú mi kò dùn sí i. Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta pé kí ẹ̀gún náà kúrò lára òun. Ẹ lè kà á nínú Kọ́ríńtì kejì orí 12. Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ń ṣàìsàn, kó lọ sí ọsíbítù, kó gbàdúrà ìwòsàn, kó tún gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí Olúwa bá dáhùn pé oore-ọ̀fẹ́ Òun tó, èsì àdúrà nìyẹn náà, iṣẹ́ sì wà tí a ó fi ṣe.

Kò tètè rí bẹ́ẹ̀ fún Peete o. Títí di ọdún 1961, òfin PGA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, sọ pé aláwọ̀ funfun nìkan ló lè wọ ẹgbẹ́ náà. Ọdún 1971 ni Peete sọ gọ́ọ̀fù di iṣẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni Lee Elder, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, wá sí Èkó tó gba ife Nigerian Open. Peete kò yege ìdánwò àti wọ PGA Tour lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún 1975 ló wọlé, ó ti lé ní 30 ọdún. Ọdún 1979 ló gba ife àkọ́kọ́, ní Milwaukee. Lẹ́yìn náà, 1980, kò sí. 1981, kò sí. Ẹ wo 1982: mẹ́rin lọ́dún kan ṣoṣo! Ní 1984, òun ni àròpín àmì rẹ̀ dára jù nínú wọn, wọ́n fún un ní Vardon Trophy. Ní 1985 ó gba Players Championship ní Florida. Àpapọ̀ ife rẹ̀ lórí PGA Tour jẹ́ 12, kò sì sí aláwọ̀ dúdú tó gbà tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú Tiger Woods. Kò gba ìkankan nínú ìdíje ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n ń pè ní major. Ẹ̀yìn tún wá ń dùn ún, ìdíje sì dín kù.

Nínú gbogbo rẹ̀, kì í ṣe ife ló wù mí jù. Ìdíje kan wà tí wọ́n ń pè ní Ryder Cup, láàrin Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Nígbà náà, ẹgbẹ́ PGA ní ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí ilé ìwé girama kò lè ṣojú Amẹ́ríkà níbẹ̀. Ọmọ tó fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ já ẹ̀wà ti di gbajúmọ̀, owó ti dé, orúkọ ti dé. Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ ràn án lọ́wọ́, ó jókòó ti ìwé, ó sì yege ìdánwò ìwé ẹ̀rí náà ní ọdún 1982. Ẹni bí ogójì ọdún! Ẹ̀yin tí WAEC já kulẹ̀ tí ojú ń tì yín láti tún un ṣe nítorí pé ọmọ àbúrò yín ni ẹ ó jọ jókòó sí gbọ̀ngàn kan náà, ẹ ń gbọ́ mi bí? Ní ọdún 1983, wọ́n gbá Ryder Cup náà ní Palm Beach Gardens. Káúńtì Palm Beach kan náà, bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, ni Pahokee wà, ibi tí ó ti ń já ẹ̀wà. Ó wọ aṣọ orílẹ̀-èdè rẹ̀, ó wà nínú ẹgbẹ́ tó borí, ní káúńtì tó ti ṣe lébìrà.

Ẹ dìde dúró tí ẹ bá lè dìde. Ẹni tí kò bá lè dìde, kó gbàdúrà níbi tó wà, Ọlọ́run ń gbọ́ ọ.

Olúwa, gbé mi padà sí káúńtì ìtìjú mi pẹ̀lú aṣọ ọlá. Ibi tí wọ́n ti mọ̀ mí sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oko olóko, jẹ́ kí wọ́n wá mọ̀ mí níbẹ̀ sí ẹni tí O bùkún. Àmín.

Olúwa, ìdánwò tí ìtìjú kò jẹ́ kí n jókòó sí, fún mi ní ìrẹ̀lẹ̀ láti jókòó sí i, kí O sì fún mi ní ẹni tí yóò ràn mí lọ́wọ́ nínú ilé mi. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ gbàdúrà yẹn dáadáa, nítorí nígbà tí ìyàwó bá ń kọ́ yín ní nǹkan, ẹ kì í fẹ́ gbọ́. Àmín.

Bàbá, àárín 1979 àti 1982 ni àwọn ọmọ Rẹ kan wà báyìí: wọ́n ti tọ́ ayọ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, ó wá dákẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n ju igi sílẹ̀. Jẹ́ kí ọdún ife-mẹ́rin-lẹ́ẹ̀kan wọn dé. Àmín.

Fún ọmọ tí egungun rẹ̀ kò tò dáadáa, fún ẹni tí ń kólòlò tó ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ láago mẹ́wàá òní, fún alájàpá tó ti wà lójú ọ̀nà láti ìdájí tó ń gbé ẹrù rẹ̀ sókè pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún: Olúwa, di ọwọ́ wọn mú bó ṣe rí, kí ohun tí wọ́n bá rán jáde lónìí balẹ̀ sójú ọ̀nà. Ní orúkọ Jésù Olúwa wa.

Àmín.