Ṣàngó Nínú Bọ́ọ̀sì Òru

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi nìkan ni mo jókòó síbí lónìí, kò sí àlejò. Tí ẹ bá ń gbọ́ nǹkan tó ń kùn lábẹ́lẹ̀, ẹ má dá a lóhùn, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru ni.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọmọ Kúbà kan wà tí a jọ máa ń wọ bọ́ọ̀sì òru lọ sílé. Lọ́jọ́ kan, ó yọ íyàpíìsì kan létí ara rẹ̀, ó tì í bọ̀ mí létí, ó ní, "Gbọ́, ti yín ni." Àwọn ọkùnrin kan ń fi èdè Sípéènì ṣe ráàpù, mi ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Àfi gbàù: Elewa! Changó! Ẹlẹ́gbára àti Ṣàngó wa nìyẹn.

Mo bojú wẹ̀yìn. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn.

Orishas ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́. Wọ́n tún wá lẹ "s" mọ́ òrìṣà nídìí, bí ẹni pé ọ̀kan ò tó wọn. Ní Havana, olú ìlú Kúbà, àwọn ọ̀dọ́ a máa fi wáyà ṣe áńtẹ́nà sórí òrùlé kí wọ́n lè gbọ́ rédíò Miami ní Amẹ́ríkà. Bí ráàpù ṣe wọ̀lú nìyẹn. Yotuel Romero àti Ruzzo wà nínú ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Amenaza, ìyẹn ìhàlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé Paris ni àwọn àti Roldán pàdé, ẹni tó ń ta gìtá tó sì ń kọ orin son, orin àwọn bàbá wọn. Flaco-Pro ló ń bá wọn to ìlù. Òkèèrè yẹn ni wọ́n ti sọ ara wọn ní Orishas.

Lọ́dún 1999, wọ́n gbé A Lo Cubano jáde. Orin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n pè ní 537 C.U.B.A. 53 ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe Kúbà, 7 ni ti Havana. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi kọ́bọ̀ ha káàdì ìpè rí, tí ẹ tẹ 2341 títí tí èékánná fi ń dùn yín, ẹ ò nílò kí n túmọ̀ ìyẹn. Orí Chan Chan ni wọ́n gbé e lé, orin Compay Segundo, bàbá tó ti lé ní 90 ọdún nígbà náà. Orin bàbá ni, ọmọ ń já ọ̀rọ̀ lé e lórí. Àwọn kan ní wọ́n ba orin àgbà jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún Barrister nígbà tó sọ orin wéré di fújì?

Àdàlù kì í ṣe tuntun fún wọn kẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Lucumí, fi Ṣàngó pamọ́ sábẹ́ aṣọ pupa Santa Bárbara, ẹni mímọ́ àwọn Kátólíìkì, wọ́n sì ń ṣọdún rẹ̀ ní 4 Oṣù Kejìlá. Ẹgba ló fà á. Èmi ńkọ́? Ta ló yọ ẹgba sí mi nínú bọ́ọ̀sì?

Àwo kejì, Emigrante, jáde ní 2002. Orúkọ yẹn mú mi lọ́kàn. Ẹni tó jáde nílé ló túmọ̀ sí. Gbogbo fọ́ọ̀mù tí mo ti kún ní ìlú yìí, ẹni tó wọlé ni wọ́n ń pè mí. Kò sí èyí tó béèrè ibi tí mo ti jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, Flaco-Pro kúrò, àwo méjì mìíràn tẹ̀ lé e, wọ́n túká ní 2009, wọ́n tún padà ṣe Gourmet ní 2018. Ká sọ tòótọ́, kò dé ibi tí àkọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n ní 2021, Yotuel àti àwọn mìíràn gba ọ̀rọ̀ Fidel Castro, "ilẹ̀ bàbá tàbí ikú", wọ́n yí i padà sí orin kan, "ilẹ̀ bàbá àti ìyè". Àwọn èèyàn fi ké ní ìgboro Kúbà ní Oṣù Keje ọdún náà. Maykel Osorbo, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ọ́, gba ẹ̀wọ̀n ọdún 9.

Ọmọ Kúbà yẹn bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni ìtumọ̀ "moyuba". Mo ní "mo júbà" ni. Inú rẹ̀ dùn. Ó wá ní kí n ki Ṣàngó fún òun, kí òun gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ín. Ẹnu mi wọhò. Ṣàngó ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ bàbá bàbá mi o. Bàbá mi ló gé e kúrò, ó fi Olú rọ́pò. Òun tí kò gbọ́ Yorùbá ló bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, pẹ̀lú ìlù lórí itan.

Mo pe màmá mi. Wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Mo ní, "Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló ń béèrè, mà." Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní kí n pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ọ̀yọ́, pé ìyẹn nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà náà nìyí lórí ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà mi, 234 ló fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì pè é.