Ìlà Kan, Ọjọ́ Mẹ́ta: Iṣẹ́ Olùkọ́ Yunifásítì Tó Ń Kọ Sọ́fítíwíà Olómìnira

Ẹ kú ìjókòó o. Alága ní kí n wá sọ bí ọjọ́ mi ṣe máa ń lọ, èmi tí mò ń kọ́ni ní yunifásítì, tí mo sì tún ń kọ sọ́fítíwíà tí ẹnikẹ́ni lè gbà, kó tú u palẹ̀, kó sì tún un tò bó ṣe wù ú. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni mo ń tẹ kóòdù. Rárá o. Bí mo bá rí ogún ìlà kọ lóòjọ́, mo ti ṣe gudugudu méje. Kíkà ló gba ọjọ́ mi: kóòdù tí ẹlòmíràn kọ, ẹ̀sùn tí àwọn tó ń lo ètò wa fi ránṣẹ́, iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àti kóòdù tí èmi fúnra mi kọ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn tí n kò mọ ohun tí mo ń rò nígbà náà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Láti ọdún 1983 tí Richard Stallman, akọ̀wé kóòdù ará Amẹ́ríkà, ti kéde iṣẹ́ GNU, àkójọ sọ́fítíwíà olómìnira tó fẹ́ kọ, ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣàlàyé ara wọn, torí pé ọ̀rọ̀ kan náà, "free", ni wọ́n fi ń pe ohun tí a kò sanwó fún àti ohun tí kò sí nínú ìdè. Yorùbá kò ní wàhálà yẹn. Ọ̀fẹ́ lọ́tọ̀, òmìnira lọ́tọ̀. Sọ́fítíwíà olómìnira ni mò ń wí: ẹ lè lò ó fún ohunkóhun, ẹ lè ka kóòdù rẹ̀ kí ẹ sì yí i padà, ẹ lè fún ẹlòmíràn, ẹ sì lè pín èyí tí ẹ ti tún ṣe. Bó bá wù yín kí ẹ tà á, ẹ tà á. Ọ̀fẹ́ tí kò ní òmìnira kankan nínú ńkọ́? Ó kún orí fóònù gbogbo wa.

Ó yá, ẹ wo ẹ̀sùn kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó wọ kíláàsì, mo bá ìmeèlì kan: "Ètò yín ń purọ́." Ó parí síbẹ̀. Kò sọ irú kọ̀ǹpútà tó ń lò, kò sọ ẹ̀dà ètò náà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fi fáìlì kankan sí i. Nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́ yìí, ìbínú ni mo fi máa ń dá irú wọn lóhùn, ojú sì ti tì mí lórí ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí ẹni tó ń bínú ló sábà máa ń jàre. Mo kọ ọ́ pé: ẹ ṣeun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìlà márùn-ún àkọ́kọ́ nínú fáìlì yín ránṣẹ́. Mo lọ kọ́ni. Lọ́jọ́ kejì, àwòrán ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló fi ránṣẹ́, àwòrán náà sì ṣú. Lọ́jọ́ kẹta, fáìlì dé. Níbi tí mo ti ń retí 3.5, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni 3,5.

Ní Jámánì, ní Faransé àti lọ́pọ̀ ibòmíràn, kọ́mà ni wọ́n fi ń ya odindi nọ́ńbà kúrò lára ìdá rẹ̀, wọn kì í lo póìǹtì. Ètò tiwa rò pé kọ́mà tó máa ń wà nínú nọ́ńbà ńlá ni, irú ti 3,500, ló bá yọ ọ́ dànù. 3,5 di 35. Kò pariwo, kò dúró, ó ń ṣírò lọ ní tirẹ̀. Lójú tèmi, ètò tó kú lójijì sàn ju èyí tó ń fi ìgboyà dáhùn ohun tí kò tọ̀nà lọ. Ẹni tí ètò kú mọ́ lọ́wọ́ á pè wá. Ẹni tó gba 35 lè ti fi kọ àpilẹ̀kọ.

Ìlà kan ṣoṣo ni mo yí padà. Ṣùgbọ́n mo tún kọ bí ogún ìlà tí yóò máa dán ètò náà wò, kí àṣìṣe yẹn má baà gba ẹ̀yìn wọlé lọ́dún tó ń bọ̀. Mo kọ ìdí rẹ̀ sínú Git, ètò tó ń tọ́jú ìtàn gbogbo àyípadà tí a ṣe sí kóòdù. Mo ní kí ẹlòmíràn nínú wa yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní orúkọ kan tí mo lò nínú kóòdù náà kò ye òun. Kò purọ́. Mo yí i padà. Donald Knuth, tó ṣe TeX, ètò tí a fi ń to ọ̀rọ̀ ìwé fún títẹ̀, nígbà tó ń kọ́ni ní Stanford, máa ń fi sọ̀wédowó dọ́là 2.56 ránṣẹ́, títí di ọdún 2008, sí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àṣìṣe nínú ìwé rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì gbé e dé báńkì, wọ́n gbé e kọ́ ògiri. Èmi kò lówó Knuth. Orúkọ oníbìínú yẹn ni mo kọ sínú àkọsílẹ̀ àtúnṣe wa.

Bó bá di ìparí ọdún, fọ́ọ̀mù á dé: àpilẹ̀kọ mélòó lo tẹ̀ jáde, owó ìwádìí mélòó lo rí gbà? Ọjọ́ mẹ́ta yẹn kò ní àyè níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sábẹ́ "iṣẹ́ mìíràn" lọ́dún kan, ọ̀gá kan sì bi mí bóyá ọwọ́ mi dilẹ̀ ni. Ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ wa wá ń dá ni pé kí a kọ àpilẹ̀kọ nípa sọ́fítíwíà náà, kí àwọn olùwádìí rí nǹkan tọ́ka sí. Journal of Open Source Software, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, wà fún èyí. Àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò níbẹ̀ á gbé ètò rẹ sórí kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n á wò ó bóyá ó ń ṣe ohun tí o ní ó ń ṣe. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan là ń kọ àpilẹ̀kọ, ìtọ́jú kì í tán.

Ta tilẹ̀ ló ni kóòdù tí olùkọ́ kọ? Stallman kò dúró gbọ́ ìdáhùn: ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1984, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n má baà rí ọ̀nà sọ pé àwọn ló ni GNU. Èmi kò láyà tó bẹ́ẹ̀. Ìwé ìyọ̀ǹda ni mo gbà kí n tó kọ ìlà àkọ́kọ́, mo sì fi GPL, láísẹ́ńsì tí Stallman kọ fún sọ́fítíwíà olómìnira, sí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí iṣẹ́ yín kò tíì níye lórí ni kí ẹ ti ṣe é, torí kò sẹ́ni tó ń bá èèyàn du ohun tí kò níye lórí. Kóòdù tí kò ní láísẹ́ńsì, bó wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé ti tì í pa.

Ó ku ọ̀rọ̀ àárẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund, tó ń ṣiṣẹ́ lórí PostgreSQL, ètò olómìnira tí a fi ń tọ́jú dátà, ṣàkíyèsí pé wíwọ kọ̀ǹpútà kan láti ọ̀nà jíjìn nípasẹ̀ ètò SSH ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé inú xz, ètò tí a fi ń fún fáìlì pọ̀, ó sì bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láti wọ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà, tí ẹnì kan ti dọ́gbọ́n kọ́ síbẹ̀. Ẹni náà, tó ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan, ti fi ọdún méjì ó lé ṣe olùrànlọ́wọ́ rere. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú xz tẹ́lẹ̀, láìgbowó, ó sì ti sọ ní gbangba pé agbára òun ò gbé e bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn kan ń fúngun mọ́ ọn pé kó gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Mo ka ìmeèlì tó kọ nígbà yẹn, ó dà bíi pé èmi ni mo kọ ọ́.

Àwa mẹ́ta ni kọ́kọ́rọ́ ètò wa wà lọ́wọ́ wa báyìí, n kì í sì í dáhùn ẹ̀sùn lópin ọ̀sẹ̀ mọ́. Oníbìínú ìjelòó ńkọ́? Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ó fi àtúnṣe tirẹ̀ ránṣẹ́. Nítorí ọ̀rọ̀ xz, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ìlà dé ìlà, kí n tó gbà á wọlé. Ojú ewé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń fi ẹ̀sùn sùn ló tún kọ. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ni: "Ẹ fi ìlà márùn-ún àkọ́kọ́ nínú fáìlì yín ránṣẹ́. Ẹ má fi àwòrán ránṣẹ́."