Padà Síbi Tó O Ti Rí Àmì Gbẹ̀yìn

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ n sùn dáadáa, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní Àgbádárìgì níbí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Amẹ́ríkà, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé òun lọ fẹsẹ̀ rìn lọ́jọ́ Sátidé, ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Appalachian Trail. Inú igbó àti orí òkè ló gbà, láti Georgia títí dé Maine, ìpínlẹ̀ 14 ló kọjá, ó lé ní kìlómítà 3,500, ẹni tó bá fẹ́ rìn ín tán á lò tó oṣù 5 sí 7. Ọjọ́ kan péré lòun rìn, ẹsẹ̀ sì bó.

Ó ní wọ́n kun ọ̀dà funfun sára igi, ínǹṣì 2 ní ìbú, ínǹṣì 6 ní gígùn, bó o bá ṣáà ti ń rí i, ojú ọ̀nà lo wà. Bí méjì bá wà lórí ara wọn, ọ̀nà fẹ́ yà nìyẹn, la ojú ẹ. Òun ń wo fóònù, òun ò rí méjì yẹn, òun rìn lọ bíi wákàtí kan, ọ̀nà yẹn tiẹ̀ tẹ́jú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àfi pé kò sí àmì lára igi kankan mọ́. Ló bá yí padà, ó rìn títí ó fi rí àmì tó rí gbẹ̀yìn.

Ibẹ̀ lomijé ti bọ́ lójú mi. Torí èmi ò padà! Ọdún 2 ni mo fi bá ẹnì kan da owó pọ̀ lórí òwò àgbọn, kò tíì pé oṣù 3 tí àlàáfíà ti kúrò lọ́kàn mi, mo mọ̀ pé mi ò rí àmì Ọlọ́run mọ́, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, kí ni wọ́n á wí ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ni màámi á sọ, mo bá ń rìn lọ torí ọ̀nà tẹ́jú. Ìgbà tí mo máa padà, owó ti lọ, àmọ́ mo bá Olúwa níbi tí mo fi í sí. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Àìsáyà 30:21 ní etí wa á gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn wa pé èyí ni ọ̀nà. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yìn ni ohùn yẹn ti ń wá.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, ibi tí mo ti rí àmì rẹ gbẹ̀yìn, mú mi padà síbẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Ìtìjú tó di ẹsẹ̀ mi mú tí kò jẹ́ n yí padà, já a dànù, Olúwa, já a dànù!

Ọ̀nà tó tẹ́jú tí ìwọ ò sí níbẹ̀, dí i mọ́ mi, bí mo tiẹ̀ ń sunkún, dí i.

Ẹni tó ń ka èyí tó ti rìn jìnnà, tó ń rò pé ó ti pẹ́ jù, Baba, pè é lórúkọ, pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, má dákẹ́ sí i.

Olúwa, a mọ ọ̀nà iyanrìn Gbẹrẹfu lódìkejì ọ̀sà, níbi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa gbà lẹ́rú tí wọn ò padà wálé, tí wọ́n ní wọ́n fún lómi kànga mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ìrìn àrèmabọ̀ ò ní jẹ́ tèmi! Kò ní jẹ́ tọmọ mi! Omi tó máa mú mi gbàgbé rẹ, mi ò ní mu ún, wọn ò ní bù ú fáwọn ọmọ mi mu, ní orúkọ Jésù!

Àwọn tó ń wọkọ̀ lọ sí Mile 2 báyìí, àwọn tó ń lọ Sẹ̀mẹ̀, àwọn tó wà lórí omi, àti ọmọ wa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bó lọ́hùn-ún, Baba, pa àlọ wọn mọ́, pa àbọ̀ wọn mọ́. Àmín.